Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé «Àìsàn Ráńpẹ́» Ni Ká Kọ Sí Ìwé Ìsìnkú Ẹ̀gbọ́n Mi?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a yọ sọ́tọ̀ nínú àwọn tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ láti ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí ó ṣe yẹ ká bu ọlá fún obìnrin tó fi ayé rẹ̀ ran àwọn obìnrin àti àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ lọ́wọ́, nígbà tí òun náà bá ti lọ. A kò kọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé.

ÌBÉÈRÈ KÌN-ÍN-NÍ

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dágbére fáyé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́ni ọdún 59. Aṣọ òkè ni wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ọjà wa tí ẹ béèrè wọn, kì í ṣe aṣọ òkè ni wọn yóò fi júwe wọn fún yín. «Ìyá tó máa ń sọ̀rọ̀ kókó» ni gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí. Fún ọdún méjìlá, bí ẹgbẹ́ ìyálọ́jà bá ti ń ṣèpàdé, wọn a dìde, wọn a kọ́ àwọn obìnrin bí èèyàn ṣe ń fi ìka yẹ ọyàn ara rẹ̀ wò. Ẹni tó bá rí kókó, àwọn ni wọ́n máa ń bá a wọ ọkọ̀ ìdájí lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n á bá a gba káàdì, tí wọ́n á sì jókòó tì í títí dókítà yóò fi pè é. Nígbà tí ọkùnrin kan lé ìyàwó rẹ̀ jáde nítorí pé wọ́n gé ọyàn rẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi ló kó àwọn àgbà àdúgbò lẹ́yìn lọ bá a, wọn kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi gba ìyàwó rẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ ọyàn kan náà kọ lu àwọn fúnra wọn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi bá a fà á, wọn kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé ìwé ìsìnkú tí àwọn ẹbí ń múra láti gbé lọ sí ilé ìtẹ̀wé sọ pé wọ́n kú «lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́». Olórí ẹbí wa ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ jẹjẹrẹ níbi àìsùn tàbí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé àwọn ọmọbìnrin méjì tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ kò tíì wọlé ọkọ, kí àwọn èèyàn má baà sọ pé àrùn ìdílé ni. Àwọn obìnrin tí ẹ̀gbọ́n mi ràn lọ́wọ́ ní tiwọn ti ra aṣọ píńkì, àwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàmì ìjà jẹjẹrẹ ọyàn, wọ́n sì fẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àbúrò ni mo jẹ́, n kò lè kò àgbà lójú. Kí ni kí n ṣe?

Àbúrò olóògbé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá náà sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì dá àwọn ọmọ sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn olórí ẹbí yín díẹ̀, nítorí pé ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Àìsàn wà nílẹ̀ Yorùbá tí àwọn baba wa kì í pè lórúkọ. Nígbà tí Ṣọ̀pọ̀ná ń jà, Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná, wọn kì í jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ gan-an bọ́ lẹ́nu wọn. Ẹbí ẹni tó bá sì pa kò gbọdọ̀ ṣọ̀fọ̀, ọpẹ́ ni wọ́n máa ń dú; ibẹ̀ ni oríkì rẹ̀, Alápadúpẹ́, ti wá. Lọ́dún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àìsàn náà ti kúrò láyé pátápátá, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí a fi ń yẹra fún orúkọ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó wá ibòmíràn jókòó sí, orí jẹjẹrẹ ló sì bà lé.

Jẹjẹrẹ kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Kì í dé nítorí pé a pè é, kì í sì í lọ nítorí pé a dákẹ́. Àìsọ̀rọ̀ wa ló tilẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ní Nàìjíríà ni kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà títí kókó náà yóò fi di egbò tàbí tí yóò fi ràn dé abẹ́ apá, nígbà tí ìtọ́jú ti le, tí owó rẹ̀ sì ti ga. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín fi ọdún méjìlá ṣe ni pé wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lábẹ́ aṣọ, wọ́n gbé e sí gbangba ọjà. Ìwé ìsìnkú tó bá dá ọ̀rọ̀ yẹn padà sábẹ́ aṣọ ti tú iṣẹ́ náà ká, bó ti wù kí fọ́tò tó wà lára rẹ̀ dára tó. Èrò tèmi nìyẹn, n kò sì fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ «ráńpẹ́» fúnra rẹ̀. (Èmi náà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú ẹbí tèmi rí, nítorí náà n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ọwọ́ máa ń kọ ọ́ kí ọkàn tó rò ó.) Ọdún mẹ́ta tí èèyàn fi ń gba kẹ́mò, oògùn líle tí wọ́n fi ń bá jẹjẹrẹ jà, tí irun rẹ̀ ń re tó sì tún ń hù, tó sì tún ń bá ẹlòmíràn lọ gba káàdì láàárín kan náà, kì í ṣe ohun ráńpẹ́. Bí a bá pè é bẹ́ẹ̀, a ti gba ìjà tí obìnrin náà jà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́ ni ẹbí àkọ́kọ́ tí irú èyí yóò dojú kọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní Èkó. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, pe àwọn akọ̀ròyìn jọ, ó sì sọ fún wọn láìwẹ̀yìn pé àrùn éèdì ló fa ikú àbúrò òun. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé irọ́ àwọn òyìnbó ni éèdì, kò sì sí ìdílé tí yóò fẹ́ kí orúkọ wọn àti orúkọ àrùn náà jọ wà lójú ìwé ìròyìn kan. Ó sọ ọ́ síbẹ̀. Ǹjẹ́ iyì Fẹlá dínkù? Àwọn tó rántí bí èrò ṣe kún Tafawa Balewa Square lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀ ti mọ ìdáhùn.

Lọ́dún 1997 yẹn kan náà ni wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, ọmọ ìpínlẹ̀ Ímò tó jẹ́ aya ilé ní Ọ̀wọ̀, tí ọkọ rẹ̀ padà di gómìnà ìpínlẹ̀ Òǹdó lọ́dún 2017. Kò dúró di ìgbà tí ọkọ rẹ̀ yóò dé ipò kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ síta pé jẹjẹrẹ ọyàn ló ṣe òun, ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí irú rẹ̀ ń ṣe, ní àkókò tí wọ́n ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún ara wọn nínú yàrá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣì ń dìde láti sọ ọ́, mo sì fi í ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ó dára ká yin ẹni tó bá ṣe rere nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Ní Amẹ́ríkà bákan náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, Betty Ford, ìyàwó ààrẹ, gbà kí gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n gé ọyàn òun nítorí jẹjẹrẹ. Àwọn obìnrin rọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò, nígbà tí yóò sì fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó Nelson Rockefeller, ẹni tí wọ́n yàn láti di igbákejì ààrẹ, nítorí pé òun náà yẹ ara rẹ̀ wò, ó sì rí tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin méjèèjì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ olórí ẹbí yín ti wúwo jù, ibẹ̀ náà ni mo sì rò pé wọ́n ti ṣì í jù. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má sọ pé àrùn ìdílé ni. Òtítọ́ ni pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Nàìjíríà tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ní jẹjẹrẹ ọyàn wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018: bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló jogún rẹ̀ nípasẹ̀ àbùkù nínú ọ̀kan lára apilẹ̀ àbùdá mẹ́rin (ìyẹn jíìnì tí a ń gbà lára òbí), tí BRCA1 àti BRCA2 jẹ́ èyí tí a gbọ́ jù nínú wọn. Èyí túmọ̀ sí pé àwọn méje yòókù kò jogún àbùkù yẹn rárá. Ó tún túmọ̀ sí pé bí ti ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó jogún rẹ̀, àwọn ọmọ wọn gan-an ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ jù láti mọ orúkọ àìsàn náà, irú èyí tó jẹ́, àti iye ọdún tí ìyá wọn wà nígbà tó kọ́kọ́ yọjú, nítorí pé ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọkọ tó bá máa sá nítorí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ìsìnkú, ẹ jẹ́ kó tètè sá. Ọmọ tí kò mọ ohun tó pa ìyá rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ara rẹ̀ wò.

Nípa ọ̀nà tí ẹ óò gbà, ẹ má ṣe kó àwọn obìnrin aláṣọ píńkì lọ bá olórí ẹbí, yóò dàbí ogun. Ẹ mú àwọn ọmọ méjèèjì dání lálẹ́, kí ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́, nítorí pé wọ́n ń fi àwọn ọmọ dí ẹnu yín ni, ẹnu àwọn ọmọ ló sì lè ṣí i. Bí ìwé náà kò bá tíì wọ ẹ̀rọ, gbólóhùn kan péré ni ẹ óò pààrọ̀: «lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi bá jẹjẹrẹ ọyàn wọ̀yá ìjà». Bí ó bá ti wọ ẹ̀rọ kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ má pariwo, ẹ kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé wọn tí wọn yóò kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí kò ti sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ọjà láìdárúkọ ohun tí wọ́n ń bá jà. Bí àwọn ọmọ bá wá sọ pé àwọn kò fẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ẹ gbà fún wọn, kí ẹ sì rí i pé àwọn méjèèjì fúnra wọn gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu dókítà tó tọ́jú ìyá wọn.

Ohun kan kù tí ẹ kò béèrè. Bí owó bá wà nílẹ̀ fún ike àti agboorùn tí ẹ fẹ́ fún àwọn àlejò, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì méjì tó lè jókòó sí yàrá kan nítòsí ibi àríyá, kí wọ́n máa yẹ ọyàn wò fún ẹni tó bá fẹ́. Àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ pẹ̀lú ọtí kíkan náà wà, kò gba ẹ̀rọ, ojú ẹsẹ̀ ni èsì rẹ̀ sì ń jáde. Ẹ sì rán àwọn ìyá létí pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ti wọ Nàìjíríà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ń gbà á, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiyín sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Obìnrin kan ní àdúgbò wa bá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní ìgbà mẹ́jọ nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lára mi. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀, àwọn ọmọ mi kò mọ̀. Alhájà náà ti kú, a óò ṣe fídáù rẹ̀ láìpẹ́, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹni tó ràn lọ́wọ́ wá jẹ́rìí. Mo fẹ́ jẹ́rìí, àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ṣe mí. Ṣé aláìmoore ni mí?

Ẹni tí wọ́n mú dání, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Rárá o. Ẹni tó ka ìdáhùn mi sókè lè rò pé mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa kéde àìsàn ara wọn. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Olóògbé ti Òṣogbo sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ìyẹn ló mú kí pípa á mọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ẹ̀yin kò sọ tiyín, Alhájà náà kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wà lára oore tí wọ́n ṣe yín.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tí wọ́n ṣe, ẹ fi ohun tó ṣe yín sílẹ̀. «Alhájà bá mi wọ ọkọ̀ ní ìgbà mẹ́jọ, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí èébì ń gbé mi, aṣọ wọn ni mo bì sí, wọn kò sì bínú.» Kí ló kù tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbọ́? Bí ẹ bá rò pé ohùn yín yóò tú yín fó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi orúkọ sí i, kí ẹlòmíràn bá yín kà á.

Irú iṣẹ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1952, lẹ́yìn tí wọ́n gé ọyàn Terese Lasser ní New York, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ bá àwọn obìnrin mìíràn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn ní ilé ìwòsàn, inú àwọn dókítà kan kò sì dùn sí i. Ó máa ń mú ọyàn onítìmùtìmù dání fún wọn láti fi sínú kọ́mú, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kékeré àti okùn tí wọn yóò fi máa na apá tí iṣẹ́ abẹ ti mú kó gan. Orúkọ rẹ̀ la mọ̀. Àwọn tó bẹ̀ wò kò tò lẹ́sẹẹsẹ sínú ìtàn, kò sì sí ẹni tó bínú sí wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín nìkan ni mo fẹ́ kí ẹ tún rò. Ohun tí mo sọ nípa àwọn ọmọbìnrin Òṣogbo kan ti yín náà. Kì í ṣe ibi fídáù, kì í sì í ṣe lónìí dandan, ṣùgbọ́n ẹ wá ọjọ́ kan.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Ìyàwó mi dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ fún àyẹ̀wò ọyàn, ó sì ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá mú lọ sí. Jẹjẹrẹ náà ló padà pa á. Létí ibojì ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé: «Àyẹ̀wò tó ń pariwo rẹ̀ náà dà? Ṣé ó gbà á?» Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ni èèyàn lè fi dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn?

Ọkọ olóògbé, Iléṣà

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àmúmọ́ra, bàbá. Àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn mọ òwe náà, ó kàn gbàgbé rẹ̀ létí ibojì ni.

Àyẹ̀wò kì í ṣe odi. Ó ń jẹ́ kí á tètè rí ọ̀pọ̀ nínú àìsàn náà nígbà tí ọwọ́ ṣì lè ká a, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kọ́ ni jẹjẹrẹ ọyàn ń gbà jà. Irú kan wà tó máa ń yára dàgbà, tí àwọn oògùn tó ń dí họ́mọ̀nù lọ́wọ́ kò sì ràn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin adúláwọ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Obìnrin lè ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe, kí irú èyí ṣì dé bá a.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Rose Kushner fún yín, akọ̀ròyìn kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1974 ló rí kókó nínú ọyàn rẹ̀. Ní ayé ìgbà yẹn, wọn yóò mú obìnrin sùn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, wọn yóò gé díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò, bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, wọn kò ní jí i kí wọ́n tó gé gbogbo ọyàn náà pẹ̀lú iṣan àyà rẹ̀. Ẹni tó sùn kò mọ̀ bóyá òun yóò jí pẹ̀lú ọyàn òun. Kushner ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún òun. Ó wá dókítà káàkiri títí ó fi rí ẹni tó gbà láti ṣe àyẹ̀wò nìkan, kó jí, kó gbọ́ èsì, kó tó pinnu. Lẹ́yìn náà ló kọ ìwé lé e lórí, tó ń dá àwọn obìnrin lóhùn, tó sì ń bá àwọn dókítà jiyàn ní ìpàdé wọn. Lọ́dún 1979, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ ìjọba tó sọ pé kí ọ̀nà àtijọ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀, kí àyẹ̀wò àti iṣẹ́ abẹ máa dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1990, jẹjẹrẹ ọyàn náà ló pa á, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Kò sí ẹni tó ní orí lọ́rùn tó lè sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ já sí asán, nítorí pé gbogbo obìnrin tí wọ́n jí kó tó gbọ́ èsì lẹ́yìn rẹ̀ jẹ nínú iṣẹ́ náà. Ó sì lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi wà láàyè lẹ́yìn kókó yẹn.

Ìdáhùn yín wà nínú ìwé ìyàwó yín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan, ẹ jókòó ti ìwé náà pẹ̀lú ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wọn, kí ẹ ka iye àwọn tí wọ́n mú lọ, kí ẹ sì wádìí iye àwọn tó ṣì wà láàyè nínú wọn. Iye ni kí ẹ sọ fún àwọn èèyàn, ẹ má ka orúkọ kankan sókè, nítorí pé ẹni bíi ti Abẹ́òkúta lè wà nínú wọn. Bí ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n padà lọ bá dókítà bá wà níwájú orúkọ wọn, kí arábìnrin tó ń bá yín kà á pe àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó di ọjọ́ ìrántí náà.